Màmá ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, kí ni ǹ bá kọ sílẹ̀?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ ni mo wà, mi ò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀. Màmá elépo kan wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n á tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn bí ìjàlọ, orí ń gbóná, àyà ń já, oorun ò sì kùn wọ́n mọ́ látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Gbogbo tẹ́ẹ̀sì tá a ṣe, a ò rí nǹkan kan. Mo wá bi wọ́n bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù pé ṣé wọ́n máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀mí Mímọ́ máa ń bá àwọn sọ̀rọ̀ ní kùtù àárọ̀. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń gbọ́ ohùn. Dókítà kà á, wọ́n fi oògùn àwọn tórí wọn dàrù kún tiwọn, màmá wá ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu wọn. Ó ń dùn mí gan torí ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ wọn ti ní ọdẹ orí ni, kì í ṣe àìsàn òyìnbó, àwọn á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Lọ bá dókítà yẹn lónìí, má dúró dọ̀la, sọ ohun tó o kọ àti ohun tí o kò bi wọ́n. Ìgbà wo lohùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé àwọn ará ìjọ wọn náà máa ń gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ń bú wọn ni àbí ó ń rán wọn pé kí wọ́n pa ara wọn? Ohùn tó ti ń tu èèyàn nínú látọjọ́ pípẹ́, tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí i, ìyẹn ò tíì di àìsàn. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ, lédè Yorùbá, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Má sì ta ko ọdẹ orí tí wọ́n ń pè é o, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ti kọ̀wé lé e lórí ní 1987, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn ló sì pọ̀ jù lára àwọn tó ń ṣe.

Ọmọ Oníṣègùn: Oníṣègùn ni bàbá mi, gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi wo irú ẹ̀. Tí wọ́n bá máa lọ, ẹ bá wọn bi bàbá yẹn bóyá igi tí wọ́n ń pè ní asofẹ́yẹjẹ wà nínú àgbo ẹ̀. Ó ń mú èèyàn sùn, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó tún lè dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì. Tí màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ewu ńlá ni kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀.

Àdùkẹ́ Tákíè: Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn lọ jàre, ṣebí lọ́dọ̀ yín ni wọ́n ti ń da itọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Kò yẹ kó di ìjà. Nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ l'Árò l'Abẹ́òkúta, ní 1954 ni Dókítà Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sínú abúlé tó wà nítòsí nígbà náà, ará ilé kan á tẹ̀ lé e, á máa dáná fún un, á máa mú un wá gba ìtọ́jú. Àwọn babaláwo gan-an bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kan wá máa sùn ti màmá, kẹ́ ẹ sì pe ìyá ìjọ wọn wá kí wọn.

Nọ́ọ̀sì tó béèrè: Ẹ ṣé gan ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti bá dókítà, wọn ò bínú, wọ́n ti dá oògùn yẹn dúró. Àkọ́bí màmá gbà láti máa sùn níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì ká tó tún sọ ti Ìkòyí. Mo jókòó ti màmá lálẹ́ àná, mi ò mú fọ́ọ̀mù dání. Wọ́n ní látìgbà táwọn ti ṣèrìbọmi lohùn yẹn ti máa ń wá, àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá, kò wá mọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn.