Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Electrical Engineering (ẹ̀kọ́ iná mànàmáná) pẹ̀lú ìṣirò ní UNSW (University of New South Wales), Sydney

Ọmọ_Kensington: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Dìgírì méjì pọ̀ ni mò ń ṣe, Electrical àti Science, ìṣirò ni major mi. Mo ti ṣe MATH1131 àti MATH1231, ìṣirò ọdún kìíní. Electrical ń béèrè MATH2069 àti MATH2099, ìṣirò ń béèrè MATH2011 (calculus oníye púpọ̀), MATH2501 (linear algebra) àti MATH2521 (complex analysis). Ṣé gbogbo ẹ̀ ni mo máa ṣe?

Bàbá_Íńtígírà: Rárá o. Àdàpọ̀ ni 2069: vector calculus (calculus lórí vector) díẹ̀, complex analysis (calculus lórí complex number) díẹ̀. 2011 àti 2521 ló kọ́ méjèèjì yanjú, ìdí nìyẹn tí Handbook, ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì yunifásítì, fi fi wọ́n sí exclusion: o ò lè gba yúnìtì níbi méjèèjì. Fi 2069 sílẹ̀. Linear algebra àti statistics ló wà nínú 2099. 2501 pẹ̀lú MATH2801 (statistics) ló lè rọ́pò ìyẹn. Yúnìtì 12 nípò 6 ni lóòótọ́, àmọ́ 2011, 2501 àti 2521 ti wà lọ́rùn ẹ tẹ́lẹ̀.

Alákọsílẹ̀: Má kàn ṣe é wọlé o, àbúrò. Gba àṣẹ ẹ̀ka Electrical lórí ìwé kó o tó forúkọ sílẹ̀. Kọ kóòdù tó o fẹ́ fi sílẹ̀ àtèyí tó o fi rọ́pò ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé 2011 pẹ̀lú 2521 ti tó 2069. Bí kọ́ọ̀sì iwájú bá ní 2069 ni prerequisite (èyí tó o gbọ́dọ̀ ti ṣe ṣáájú), á tìlẹ̀kùn mọ́ ẹ títí ẹnìkan á fi ọwọ́ ṣí i. Tọ́jú ímeèlì yẹn dọjọ́ tó o máa gboyè.

Ọmọ_Kensington: Ẹ ṣé gan-an. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Bàbá_Íńtígírà: 2011. Line integral ibẹ̀ ló ń padà wá bíi contour integral ní 2521. Yúnìtì 18 ni ẹrù kíkún fún táámù kan. Má kó ìṣirò mẹ́ta síbẹ̀. MATH2111, ìyẹn 2011 tó le jù, ńkọ́? Ẹ̀rí ló pọ̀ níbẹ̀, Electrical ò bi ẹ́ léèrè.

Rédíọ́ọ̀sì: Ibi tí máàkì ti ń jò ní 2011 rèé: wọ́n ní kó o ṣe integral *x² + y²* lórí gbogbo inú róbótó tí rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ 2. Bó o bá ti sọ ọ́ di *r* (ìjìnnà sí àárín) àti *θ* (igun), *dx dy* kì í ṣe *dr dθ*, *r dr dθ* ni. Ìdáhùn ni 8π. Ẹni tó gbàgbé *r* yẹn á kọ 16π/3, gbogbo ìlà iṣẹ́ ẹ̀ á sì mọ́ tónítóní.