ATAS ò tíì jáde, ilé-ìwé fẹ́ wọlé: ẹ gbà mí o!

Àbíkẹ́ Ìkirè
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun, mo kí yín o. Másítà Space Engineering ni mo rí gbà n'Ílùú Ọba, 28 September ni wọ́n ń wọlé. CAS, ìwé tí ilé-ìwé ń fúnni láti fi gba físà, ti wà lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé mo gbọ́dọ̀ ní ATAS, ìwé àṣẹ ìjọba ibẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó lè kan ohun ìjà. Òní, 11 August, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan ní kí n ṣáà máa san owó físà lọ, pé ATAS á bá a lọ́nà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí kí n sún un di ọdún tó ń bọ̀? Oorun ti dá lójú mi.

Bàbá Ìbejì, Guildford
Àbúrò, má san kọ́bọ̀! Físà tí ATAS ò bá sí nínú ẹ̀, kíkọ̀ ni wọ́n máa kọ̀ ọ́. Owó ìlera, 1,164 pọ́n-ùn fún Másítà ọlọ́dún kan, wọ́n á dá ìyẹn padà. Owó físà fúnra ẹ̀ ti bómi lọ nìyẹn. Tèmi ti bómi lọ rí.

Jẹ́ ká kà á. Ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 30 ni ATAS ń gbà. Sátidé àti Sọ́ńdè ò sí nínú ẹ̀, Mọ́ńdè 31 August náà ò sí nínú ẹ̀ torí ìsinmi ni. 23 September ló bọ́ sí. Fi ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ti físà kíákíá lé e. Kọ íméèlì sílé-ìwé lónìí, béèrè ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n lè gba ẹni tó pẹ́ dé. Ọjọ́ yẹn ni kó o máa bẹ̀rù, kì í ṣe 28.

Ìyá Tọ́lá, Glasgow
Owó tó o fẹ́ fi kàwé ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti máa ń já. Ọjọ́ 28 gbáko ló gbọ́dọ̀ fi wà ní bánkì láìjá wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ìwé bánkì parí sí ò sì gbọdọ̀ tíì ju ọjọ́ 31 lọ lọ́jọ́ tó o bá fi fọ́ọ̀mù físà sílẹ̀. Èyí tó o bá gbà lónìí á ti di ìwé ìdì-ẹ̀pà kí ATAS tó jáde. Tó bá jẹ́ náírà ni, fi jàra lé e dáadáa, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n á fi ṣírò ẹ̀. Má sì jẹ́ kí bọ̀dá kankan yá a fọ́jọ́ méjì láti fi kó tókúnbọ̀. Àyẹ̀wò ikọ́ àwúgbẹ ní tiẹ̀, oṣù mẹ́fà ló ń lò, o lè lọ ṣe é lọ́la.

Káyọ̀dé, Leicester
Ẹ má dá a lẹ́bi o. Kò sẹ́ni tó lè tètè béèrè ATAS. Ó dìgbà tí ìwé ìgbàwọlé ò bá ní "àmọ́" nínú mọ́, ìyẹn "a gbà ọ́, àmọ́ ó ku èsì ẹ".

Bàbá Ìbejì, Guildford
Káyọ̀dé, irọ́ nìyẹn. Ìwé tó ní "àmọ́" náà tó ó fi béèrè. Ohun tó ń pa wọ́n lọ́dọọdún nìyí: ìwé á dé ní March, wọ́n á jókòó tì í títí di August torí wọ́n ń retí èsì.

Káyọ̀dé, Leicester
Ilé-ìwé tèmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tọ́lá, Glasgow
Ilé-ìwé ẹ kọ́ ló ń ṣe ATAS, ìjọba ni. Ọ̀fẹ́ sì ni. Kí lèèyàn fẹ́ pàdánù?

Káyọ̀dé, Leicester
Tó bá wá yí ilé-ìwé padà ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, Guildford
Á béèrè òmíràn. Orúkọ ilé-ìwé àti ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ wà lára ẹ̀. Ta ló ní kó gbé e kiri bí àpò?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Cranfield
Ẹ fìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó yẹ fọ́ọ̀mù ẹ̀ wò. Àbíkẹ́, CAH10-01-04 ni àmì ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfúrufú. Èyí tó bá wà nínú ìwé ìgbàwọlé ẹ ni kó wà nínú fọ́ọ̀mù. Kọ orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bí ilé-ìwé ṣe kọ ọ́. Tí wọ́n bá pè é ní propulsion, má sọ ọ́ di rocket kó lè dùn. Orúkọ ẹ náà: ẹlòmíràn á jẹ́ Olúwafẹ́mi nínú páásípọ́ọ̀tù, á jẹ́ Fẹ́mi nínú sàtífíkéètì, á wá máa bínú pé wọ́n ń béèrè ẹni tí Fẹ́mi jẹ́.

Dòtun, Houston
Ọ̀rọ̀ ATAS yìí mà pọ̀ o. Kó máa bọ̀ ní Houston jàre.

Ìyá Tọ́lá, Glasgow
Kó wá ṣe kí ni? Kó kàwé tán, kí òfin ITAR, tí Amẹ́ríkà fi ń dènà àjèjì nídìí ohun ìjà àti rọ́kẹ́ẹ̀tì, má jẹ́ kó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo torí kò ní green card?

Dòtun, Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní pa mí.

Akin, Kitakyushu
Ọ̀dọ̀ wa ní yunifásítì Kyutech, ní Japan, ni wọ́n ti kọ́ sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1 ti FUTA. 3 June 2017 ló gbéra. Gbogbo ẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 11 ní ìhà kọ̀ọ̀kan lọ, ìwọ̀n ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 1.33 lọ nígbà náà. Àbíkẹ́, bó o ṣe ń dúró yẹn, má jókòó lásán. Fi KiCad, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya pátákó iná (PCB), ya ọ̀kan, kó o sì jó lẹ́ẹ̀dì sí i fúnra ẹ. Mọ̀ pé téèpù lásán kì í wọ inú sátẹ́láìtì: nínú òfìfo, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á tú jáde, á lọ bo jígí kámẹ́rà. Eríà tó fi ń sọ̀rọ̀ (antenna) náà ò gbọdọ̀ nà títí yóò fi pé ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n ti tì í síta.

Bàbá Ìbejì, Guildford
Kékeré nìyẹn! NigeriaSat-1, 2003, Guildford. NigeriaSat-X, 2011, ọwọ́ àwọn ọmọ wa gangan ló kọ́ ọ, ní Guildford níbí.

Ṣọlá, Bremen
Ilé gogoro tiwa ga ní mítà 146. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá jù sílẹ̀ nínú ẹ̀ á wà láìníwọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá 4.74.

Dòtun, Houston
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin! Owó oṣù mi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àjọkẹ́, Ilé-Ifẹ̀
Gbogbo yín ń fọ́nnu, bẹ́ẹ̀ ARCSSTE-E, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfúrufú fún Áfíríkà, wà nínú ọgbà OAU láti 1998. Oṣù mẹ́sàn-án, ẹ ó gba dípílómà, ẹ ò ní ra ẹ̀wù òtútù. Ẹ̀bà ń gbóná níwájú mi báyìí, ewédú, gbẹ̀gìrì, pọ̀nmọ́.

Akin, Kitakyushu
Àǹtí, ìkà lẹ̀ ń ṣe yìí.

Ìyá Tọ́lá, Glasgow
Òjò ti rọ̀ níbí láti àárọ̀. Àbíkẹ́, Ìkirè lo kúkú ti ń bọ̀. Ẹ̀tọ́ wa ni dòdò Ìkirè o.

Àbíkẹ́ Ìkirè
Màá kó o wá, ma. Mi ò ní san owó físà, mo ti gbọ́. Ṣé kí n wá sún un di ọdún tó ń bọ̀ ni àbí kí n má sún un?

Bàbá Ìbejì, Guildford
Èyí tí wọ́n dì séwé ni kó o kó wá o, má kó ti ọ̀rá.