Oògùn méjì nínú ìgò kan: èwo ni kí màmá mi kán sójú?

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Glaucoma, àìsàn tó máa ń ba iṣan ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wà lójú méjèèjì màmá mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi. Latanoprost ni wọ́n ń kán lálaalẹ́, àmọ́ ìfúnpá ojú wọn ṣì ga, ó wà ní 24. Dókítà ní àwọn fẹ́ fi ìgò tó ní oògùn méjì nínú kún un. Mo rí Cosopt, Combigan àti Simbrinza, orí mi dàrú. Èwo ló lágbára jù?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Àbúrò mi, bá wa kí màmá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi náà ti ń kán oògùn. Kí o tó béèrè èyí tó lágbára jù, bi màmá bóyá wọ́n ti ní ásímà rí, tàbí bóyá ọkàn wọn kì í lù dáadáa.

Timolol, oògùn kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò alápapọ̀, ni mo ń sá fún. Cosopt jẹ́ dorzolamide àti timolol. Combigan jẹ́ brimonidine àti timolol. Timolol wà nínú Azarga, Ganfort, DuoTrav àti Xalacom pẹ̀lú. Ojú la kán an sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ojú ihò omijé bọ́ sí imú, ibẹ̀ ló ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè mú kí èémí há alásímà, ó sì lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò sọ̀rọ̀ ásímà rẹ̀ fún dókítà, ó ní ojú lòun wá tọ́jú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán an, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Áḿbúláǹsì ló gbé e lọ. Mi ò lè gbàgbé ìró èémí yẹn.

Simbrinza ni wọ́n wá fún un, brinzolamide àti brimonidine, kò sí timolol níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni níbí. Ẹ gbọ̀n ìgò náà dáadáa kí ẹ tó kán an, ojú á ṣú díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Brimonidine máa ń mú oorun kunni, ẹnu á gbẹ, ojú ẹlòmíràn kì í sì í gbà á: á pọ́n, á máa yún, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n kọ Simbrinza fún mi. Wọn kì í ta Xalacom àti Ganfort lọ́dọ̀ wa. Rocklatan ni mo ń lò báyìí, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2019: netarsudil àti latanoprost, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Roclanda ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù. Ojú mi máa ń pọ́n láàárọ̀, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fún màmá ní irú èyí, kí wọ́n má ṣe kán latanoprost àtijọ́ mọ́ ọn o, ó ti wà nínú rẹ̀!

Ìyá Ìbejì, Manchester
Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń kán an náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó. Kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì, èyí tó máa wọ ẹ̀jẹ̀ á dín kù. Tí dorzolamide bá korò wọ́n lọ́fun, ó ti sá lọ sí imú nìyẹn. Kí wọ́n fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáàárín oògùn kan àti èkejì.

Ti owó: ní England, £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń sanwó, torí náà ìgò alápapọ̀ kan, owó kan. Màmá tó ti lé ní 60 kò ní san kọ́bọ̀. Ìwọ náà ńkọ́? Ẹni tí òbí rẹ̀ ní glaucoma, tó ti pé 40, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú fún un lórí NHS, ètò ìlera ìjọba. Glaucoma kì í sábà dunni, ojú tó bá sì ti lọ kì í padà. Jọ̀ọ́, lọ.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi màmá ni. Wọ́n ní ásímà kọ́, pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, èémí kàn máa ń há àwọn nígbà ọyẹ́, tí ìyá àwọn á fi òróró pa àwọn láyà. Wọn ò sọ ọ́ fún dókítà kankan rí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, n ó pe kílíníìkì láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó kọ oògùn náà. Mo sì ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò tèmi, Sátidé.