"Ìlú àgọ́" kò bá a mu. Ẹ jẹ́ ká gbé "ìlú àtíbàbà" yẹ̀ wò

Ẹ̀yin ará, "ìlú àgọ́" ni wọ́n dábàá bí orúkọ Yorùbá fún ìlú tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọọdún fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ń tú bí àjọ̀dún bá ti parí. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Àgọ́ tiwa kì í kúrò níbi tí wọ́n pa á sí. Àgọ́-Ìwòyè ṣì wà níbẹ̀. Àgọ́ Ọ̀jà ló di Ọ̀yọ́ òní. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn tẹ́lẹ̀. "Ìlú àjọ̀dún" tí ẹlòmíràn mú wá, Festac ló tọ́ sí: torí àlejò àjọ̀dún ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, àwọn èèyàn ṣì ń sanwó ilé níbẹ̀.

Ẹ wo ìlú àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Burning Man ní aṣálẹ̀ Nevada l'Amẹ́ríkà, èyí tó ń gba nǹkan bí 70,000 èèyàn. Èèkàn kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn mọ́ àárín gbùngbùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn gbogbo òpópónà. Ìlú náà rí bí ojú aago tí wọ́n gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò, àwọn òpópónà tó ti àárín jáde sì ń jẹ́ aago méjì títí dé aago mẹ́wàá. Bó bá parí, àwọn òṣìṣẹ́ á tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, wọ́n á máa ṣa ìṣó àti èérún igi nílẹ̀, torí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Títú yìí ló yẹ kó wà nínú orúkọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àtíbàbà tí wọ́n nà láàárọ̀, wọ́n á tú u lálẹ́. Òótọ́ ni pé kánópì ló kún ẹnu wa báyìí, ṣùgbọ́n irin àti tapólì nìkan ni kánópì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ohun tó ń di àtíbàbà mú. Lórí kọnkéré bíi ti Tafawa Balewa Square, èèkàn ò wọlẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: lítà 200 wúwo tó kílò 200. Bí wọ́n bá bu omi dé ìdajì péré, kílò 100 ló kù, afẹ́fẹ́ á kó sábẹ́ tapólì, á gbé e. Létí òkun, èèkàn á wọlẹ̀ ṣùgbọ́n yanrìn ò ní dì í mú. Àpò yanrìn ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n á so okùn mọ́. "Ìdákọ̀ró" ni kí gbogbo wọn máa jẹ́. Lóòótọ́ kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, àmọ́ bí a bá yọ ọkọ̀ kúrò, "ìdáró" ló kù, ìyẹn sì ti sún mọ́ ìdárò jù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "ìpalẹ̀mọ́". Àwọn ìwé ìròyìn ń lò ó fún ìmúrasílẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àríyá la máa ń palẹ̀ mọ́. Bí ìwé iṣẹ́ bá kọ "ìpalẹ̀mọ́: ọjọ́ Ẹtì", ẹnìkan á gbé dúrọ́ọ̀mù wá, ẹnìkejì á máa da omi inú rẹ̀ nù. Mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ìmúrasílẹ̀ sí ìṣáájú, ká fi ìpalẹ̀mọ́ sí ìgbẹ̀yìn.