Ṣé Kí N Gba Owó Oníyanrìn Sínú Ẹgbẹ́ Wa ní Àgbádárìgì?

Olùbéèrè, Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní Àgbádárìgì, tí mo ń ṣe àdín àgbọn tà. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa ní oṣù Ògún ọdún 2019, àwọn oníbàárà mi tó wà lódì kejì kò rí mi mọ́, kẹ́ẹ̀gì àdín mọ́kànlá sì jókòó sí yàrá mi títí òórùn wọn fi yí padà. Àwọn obìnrin tó ń kó àgbọn wá fún mi ni kò jẹ́ kí n kógbá wọlé, nítorí wọ́n ń tà á fún mi láwìn títí wọ́n fi ṣí ẹnubodè náà ní oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 2020. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ, kí ẹni tí nǹkan bá há lọ́wọ́ rẹ̀ má baà tọ àwọn elélé gọbọi lọ. A ti di obìnrin 34 báyìí, owó tó wà nílẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà.

Òfin kan ṣoṣo la ní: owó wa kò gbọdọ̀ bá iṣẹ́ tó ń pa ẹlòmíràn lára lọ. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ wo ibi iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ yáwó. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń yan ẹja béèrè ₦150,000. Mo bá a nídìí àgbá tí wọ́n gé sí méjì, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n kòkò, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn sì ń wúkọ́. Mo ní a ó yá a, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ààrò tó ní ihò tí èéfín yóò máa gbà jáde lókè. Ó bínú sí mi, ó ní ṣé ẹja òun ló kàn mí ni àbí ojú òun. Nígbà tó mọ ọ́n tán, igi tó ń rà lọ́sẹ̀ dín kù, ó sì san owó wa kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí. Ọkùnrin kan tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà fẹ́ kó ₦6,000,000 sínú ẹgbẹ́ wa. Ó fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá èrè, ó sì fẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lára gbogbo ààrò tí a bá fi owó náà mọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọkọ àwọn kan nínú wa tó ń pẹja ní apá Gberefu ń ráhùn pé ẹrẹ̀ ni àwọ̀n wọn ń gbé wá níbi tí wọ́n bá ti wa yanrìn. Lẹ́yìn èyí, ọmọ mi obìnrin ní iṣẹ́ gidi ni ohun tí mo ń ṣe, pé ìdókòwò tó ń ro ti ọmọ ènìyàn mọ́ èrè ni wọ́n ń pè é, kí n sì fi àdín sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn. Ṣé kí n gba owó náà? Ṣé kí n fi àdín sílẹ̀?

Òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkòròdú

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lè kó yín sí wàhálà. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn kan náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, ènìyàn mẹ́wàá sì tó láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀yin ti ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe jáfara. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gba owó lọ́wọ́ ará òde, tí ẹ sì ń ṣèlérí èrè fún wọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹgbẹ́ nìyẹn. Ó ti bọ́ sábẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Òfin tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025 kò fojú rere wo ẹni tó ń kó owó aráàlú jọ láìgbàṣẹ.

Bí ẹ kò bá tíì di ọmọ onílùú lórí ìwé, ẹ yẹ ìwé ìgbélùú yín wò pẹ̀lú. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ẹni tó bá wọlé láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ dúró kí ó máa ṣòwò nílò káàdì olùgbé. Èmi kò bá yín sọ̀rọ̀ yanrìn o. Owó tó bá sùn lọ́wọ́ yín láàárín ẹ̀yáwó kan sí èkejì, ẹ lè fi ra FGN Savings Bond, ìyẹn bọ́ǹdì, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. ₦5,000 ni ó kéré jù, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ọmọ Ìkòròdú tó ń gbé ní Boston

Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni ọmọ yín sọ, iṣẹ́ ni. Níbí ní Boston, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Íńdíà, Geeta Aiyer, dá Boston Common Asset Management sílẹ̀ ní ọdún 2003. Òmíràn, Durreen Shahnaz, tó jẹ́ ọmọ Bangladesh, dá Impact Investment Exchange sílẹ̀ ní Singapore ní ọdún 2009. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé bọ́ǹdì mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là jáde fún ìgbé-ayé àwọn obìnrin, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọjà ìdókòwò Singapore. Àjòjì ni àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti dáwọ́ lé e, gẹ́gẹ́ bíi tiyín.

Ohun tí mo rí kọ́ lára irú ilé-iṣẹ́ Boston yìí ni pé wọn kì í kàn sá fún iṣẹ́ tí kò dára. Wọ́n máa ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, kí wọ́n lè fi ẹnu onílé bi àwọn ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ẹ gbà á, kí ẹ sì máa bá oníyanrìn náà sọ̀rọ̀ láti inú ilé. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yìí náà lópin: àlùfáà Leon Sullivan gbé ìlànà kalẹ̀ ní ọdún 1977 fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wà ní South Africa nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1987, òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀.

Alhaja, oníṣòwò ẹja ní Ẹ̀pẹ́

Àbúrò mi tó wà ní Boston, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ra ìpín ló lẹ́nu nínú ilé. Ìyá yìí kọ́ ló ń ra ìpín nínú iṣẹ́ yanrìn. Oníyanrìn ló ń ra ìpín nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹnu ta ni yóò wá wọ inú ilé ta ni? Lọ́jọ́ tí ọkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ fẹjọ́ sùn nítorí àwọ̀n tó ya, ẹgbẹ́ tó ń jẹ èrè pẹ̀lú ọkùnrin náà ni yóò kọ́kọ́ ní kí ó fọwọ́ mọ́lẹ̀.

Orúkọ tó fẹ́ kọ sára ààrò yẹn ló sì ń rà ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Èrè kékeré tó wà nínú ẹja yíyan kì í ṣe ohun tí oníyanrìn ń wá. Àwa Mùsùlùmí ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo owó ni à ń jẹ. Nígbà tí ìjọba gbé súkúùkù, ìwé ìdókòwò tó bá òfin Ìsìláàmù mu, ti ₦100 bílíọ̀nù jáde ní ọdún 2017 láti fi ṣe títì, mo fi díẹ̀ síbẹ̀, nítorí owó ìyálò dúkìá ni èrè rẹ̀, kò ní èlé nínú. Nípa ti àdín, ẹ má fi í sílẹ̀. Ìdí àdín làwọn obìnrin yẹn ti mọ̀ yín. Àmọ́ kí ẹgbẹ́ máa san owó ọ̀kadà àti owó ọjọ́ tí ẹ ń lò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ apẹja, Àgbádárìgì

Ẹ má bínú, màmá. Bàbá mi ń pẹja, èmi sì ń kó yanrìn sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Bí ẹ bá kọ owó ọ̀gá yẹn, wíwa yanrìn kò ní dúró lọ́la. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ béèrè ihò èéfín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá ₦150,000. Kí ni ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní ₦6,000,000? Òfin àyíká ti ọdún 1992 ka wíwa yanrìn níbi tó tó hẹ́kítà 50 mọ́ àwọn iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ipa rẹ̀ lórí àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú ìwé tirẹ̀ wá, kí ó sì sọ bí ibi tó ń wà ṣe fẹjú tó. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó bá àwọn apẹja fi ẹnu kò lórí ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní dé.

Olùbéèrè, Àgbádárìgì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Alhaja ni mo kà fún àwọn obìnrin náà lẹ́yìn ìpàdé, ariwo sì sọ, nítorí àwọn kan ti ń fọkàn ná mílíọ̀nù mẹ́fà náà. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé a kò ní gba ará òde sí èrè títí a ó fi gba ìwé alájẹṣẹ́kù. Ti ihò èéfín yẹn dójú tì mí díẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí oníyanrìn pé kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ó sì wá bá àwọn apẹja jókòó ní Gberefu kí a tó sọ ohunkóhun nípa owó. Ó ní òun yóò pè mí padà, kò sì tíì pè.

Àdín mi kò ní dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ẹgbẹ́, wọn yóò sì máa san owó ọ̀kadà mi. Bàbá wa ní Ìkòròdú, ẹ jọ̀wọ́, ṣé orúkọ àwa 34 pátá la ó kọ sórí fọ́ọ̀mù ni, àbí ti àwọn aṣojú nìkan?