Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ohun tó lè pín 2147483647?

Ìyá Tẹ́jú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Owó inú géèmù tí ọmọ mi ń gbá lórí fóònù dúró gbọnin sórí 2147483647, kò gòkè mọ́. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò pín in: 3 kọ̀, 7 kọ̀, 11 àti 13 náà kọ̀. Ẹnìkan ní prime ni, pé àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀ ló lè pín in. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìyẹn láìpín in títí ilẹ̀ á fi ṣú?

Kọ́lá Kọ̀ǹpútà: Mà, ti géèmù ò le. Ààyè 32 bit ni wọ́n fi owó náà sí; bit kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1. Ọ̀kan ń sọ bóyá iye náà wà lókè òfo tàbí nísàlẹ̀, 31 tó kù ló ń ka iye. Tí gbogbo wọn bá ti di 1, ó kún nìyẹn. Aago kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 máa kún bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ 19, oṣù kìíní, 2038.

Tíṣà Ìṣirò: Ìyá Tẹ́jú, ẹ kú ìbéèrè. Prime ni. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò kan, ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá pé ìgbà 31, yọ ẹyọ kan, òun lẹ máa bá níbẹ̀, ìyẹn 2³¹ − 1.

Tí nọ́ńbà méjì bá sọ ara wọn di púpọ̀ tó jẹ́ 2147483647, èyí tó kéré nínú wọn ò lè kọjá 46340, torí 46341 lọ́nà 46341 ti jù ú lọ. Ká wá ní prime kan, p, pín in. Bí ẹ ṣe ń sọ 1 di ìlọ́po méjì, tí ẹ ń fi p pín in, ohun tó ṣẹ́kù á padà di 1 ní ìgbésẹ̀ 31. Fermat, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, sì ti fi hàn ṣáájú pé ó gbọ́dọ̀ di 1 ní ìgbésẹ̀ p − 1 pẹ̀lú. Prime ni 31 fúnra rẹ̀, kò sí ìgbésẹ̀ tó kéré jù ú tó lè ṣe é, nítorí náà 31 gbọ́dọ̀ pín p − 1. Nígbà tí 2 náà pín p − 1, 62 pín in nìyẹn. Ẹ ò rí i pé 7, 11 àti 13 ò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń dán wò!

Òfin mìíràn ní tí ẹ bá fi 8 pín p, 1 tàbí 7 ló máa ṣẹ́kù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: tí ẹ bá fi 248 pín p, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ kù. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ò tó 400 títí dé 46340, ọ̀pọ̀ wọn ò sì jẹ́ prime. Prime àkọ́kọ́ nínú wọn ni 311. Ẹ fi pín in, 35 á kù. Èyí tó tẹ̀ lé e jìnnà, 1303 ni. 226 á kù.

Ìyá Tẹ́jú: 311 lọ́nà 6905092, ó ku 35 lóòótọ́! Ẹgbẹ́ wo ló wá wà?

Tíṣà Ìṣirò: Ẹgbẹ́ Mersenne, ìyẹn àwọn prime tí ẹ máa rí tí ẹ bá sọ 1 di ìlọ́po méjì léraléra, tí ẹ wá yọ ẹyọ kan; òun ni ìkẹjọ wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ni 31 tó wà lórí 2, torí 2⁵ − 1 ni. Ẹ sọ 2147483647 di púpọ̀ pẹ̀lú 2³⁰, ẹ máa rí 2305843008139952128, nọ́ńbà pípé: ẹ ro gbogbo ohun tó pín in pọ̀, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, òun náà lẹ máa rí, bí 1, 2 àti 3 ṣe di 6. Àmọ́ 2147483647 kò ní ìbejì, ìyẹn prime mìíràn tó fi 2 jù ú lọ tàbí tó fi 2 kéré sí i: 5 pín 2147483645, 3 sì pín 2147483649. Tí ẹ bá tún gbé 2147483647 sórí 2 tí ẹ yọ 1, okùn Mersenne já níbẹ̀, 295257526626031 pín ìyẹn.