Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, fíìmù wo ni kí n gbé lọ sílé àna mi n'Ísẹ́yìn?

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ní 2024 yìí, tí n kò bá sí ní sinimá, a jẹ́ pé mo wà nídìí Netflix. Ìyàwó mi ti ròyìn mi délé wọn, ni bàbá wọn bá ránṣẹ́ pé tá a bá ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, kí n mú èyí tó dáa jù lọ́dún yìí dání, kí gbogbo ilé jọ wò ó. Tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá o. Àṣìpè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti bí wọn nínú.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, House of Ga'a ló ṣe ipò kìíní. Oṣù keje ló jáde, Bọ́láńlé Austen-Peters ló darí ẹ̀. Fẹ́mi Branch tó ṣe Gáà, àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ipò Baṣọ̀run, olórí ìjòyè Ọ̀yọ́, ni. Ẹ̀rù bà mí lórí àga mi. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Bàbá ti fi ìwé eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí Gáà kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mọ̀ ọ́n lórí.

Èkejì ni Lisabi: The Uprising, tí Níyì Akínmọ́láyàn darí, tí Lateef Adédiméjì sì ṣe Lísàbí. Àmọ́ ẹ rò ó wò: kí ọmọ Ẹ̀gbá gbé fíìmù tí wọ́n ti ń pa ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, wọlé àna ẹ̀ n'Ísẹ́yìn!

Ẹ̀kẹta ni Everybody Loves Jenifa ti Fúnkẹ́ Akíndélé. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Èwo ni kí n mú nínú wọn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ yọ Jenifa kúrò, sinimá ló ṣì wà. Ẹni tó bá ní òun máa fi ránṣẹ́ sí yín lórí Telegram, ẹrù olè ló fẹ́ tà fún yín. Ti Lísàbí ńkọ́? Ṣé ìyàwó yín ti sú yín ni?

Ọmọ Àjíròtútù: Ẹ gbé Seven Doors ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóṣù yìí ni.

Ìyá Ìbejì: Alápá mẹ́fà? Nígbà wo ni wọ́n fẹ́ jẹ ìrẹsì?

Alákọ̀wé: Ọ̀gá, Gáà ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹnu àwọn àgbà ló ti wá: "Bí o láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o sọ òótọ́." Ọba mẹ́rin ló tọwọ́ ẹ̀ kú kó tó kan Aláàfin Abíọ́dún, òun ló wá pa Gáà ní 1774. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún tíṣà Yorùbá n'Ísẹ́yìn? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún Bàbá pé òun ló dáa jù. Ẹ ní ibì kan ò yé yín, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n là yín lọ́yẹ̀. Inú wọn á dùn ju kí fíìmù ọ̀hún dáa lọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ ṣeré níta, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Bọ̀dá Sànyà: Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù láti ilé yín o. Ẹ má gbọ́kàn lé nẹ́tíwọ̀kì lọ́jọ́ Kérésì. Kí ẹ sì ra epo jẹnẹrétọ̀ dání.

*Ẹni tó béèrè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá:*

Ẹ ṣé gan-an ni. Gáà ni mo gbé lọ, mo sì sọ ohun tí Alákọ̀wé kọ́ mi. A ò tíì wò ó tó ogún ìṣẹ́jú tí Bàbá fi ní kí n dá a dúró ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ṣe Gáà, wọ́n ṣe Abíọ́dún, wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ ṣe idà. Àwọn ọmọ tá a lé síta ti padà wọlé wá jókòó sílẹ̀. Epo tán, wọn ò tíì ṣe tán.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó mi lọ tú àṣírí pé Lísàbí náà wà lórí fóònù mi. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Gbé e wá, ọmọ Ẹ̀gbá." Mo jókòó bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Nígbà tí wọ́n pa ìlàrí, mi ò lè gbójú sókè. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn náà ló fà á. Ìyà yẹn ti pọ̀ jù."

Èyí ni wọn ò dá dúró o. Àtàárọ̀ òní ni wọ́n ti ń bi mí ìgbà tí apá kejì máa jáde.